Èèpo Akàn fún Ọ̀gá Ọmọ Mi

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ ọmọ tuntun, tí a ń ti Oǹdó kó fáìlì bọ̀ wálé tí a kò tíì rí kọ́bọ́ọ̀dù tí a ó kó wọn sí, ọmọbìnrin mi ti yunifásítì ní Adó dé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Ó kí wa, ó mu omi, ó wá ní èèpo akàn lòun ń wá.

"Akàn kẹ̀? Ṣé ebi ń pa ọ́ níbẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe akàn, Bàbá, èèpo rẹ̀ ni. Ẹ jẹ ẹran, kí ẹ fún mi ní èèpo."

Ìlú Ìṣẹ́ là ń gbé. Káńsù Emùré ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń tọ́jú sítọ́ọ̀ wọn. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ti kọ́ mi ní ohun kan: ohun tí o kò bá fi ojú ara rẹ rí, má ṣe sọ pé ó wà. Ẹ̀kọ́ yìí ni mo fi tọ́ ọmọ. Omi tí ó ń mu ní kékeré, mo máa ń sè é, mo máa ń fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, mo máa ń tún un sè, torí n kò mọ ibi tí aṣọ náà ti dé. Bí ó bá fẹ́ gun ọ̀kadà, ọlọ́kadà ní láti kọ́kọ́ sáré dé ẹ̀bá kọ́fátì tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà, kí ó padà bọ̀, kí ó tẹ bíréèkì níwájú mi. Àwọn ọlọ́kadà Ìṣẹ́ ń pè mí ní V.I.O., bíi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ mọ́tò wò. Inú ìyàwó mi kò dùn sí i. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa.

Nígbà tí a ń jẹun ìrọ̀lẹ́, mo ní kí ó la ọ̀rọ̀ èèpo yìí yé mi. Àwa mẹ́rin la wà nídìí oúnjẹ: èmi, òun, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ìyá tó bí mi lọ́mọ.

"Nínú ara wa," ó ní, "àṣẹ kan wà tí ń sọ ohun tí ara yóò ṣe. Jíìnì là ń pè é. Bí jíìnì kan bá ti ní àbùkù láti inú ìyá wá, àìsàn ló máa ń dà. Àwọn onímọ̀ wá ń wá bí wọ́n á ṣe fi èyí tó pé ránṣẹ́ sínú sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rán an ní ìhòòhò, ara á ti jẹ ẹ́ run kí ó tó débẹ̀. Àfi kí wọ́n pọ́n ọn."

"Bíi mọ́ínmọ́ín," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Bíi mọ́ínmọ́ín gan-an, Màmá. Ohun tí a fi ń pọ́n ọn ni pólímà. Ègé kéékèèké tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n ni. Irú kan wà tí Ọlọ́run dá, ó wà lára èèpo akàn àti ti edé. Irú kejì, ènìyàn ló ń ṣe é nílé iṣẹ́, ẹbí ọ̀rá ni. Èmi fẹ́ yọ ti inú èèpo akàn, kí n wo bí yóò ṣe pọ́n jíìnì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ọ̀gá mi rà láti òkè òkun."

"Ọ̀rá kẹ̀?" Ìyá mi fa ojú ro. "Èmi ò jẹ mọ́ínmọ́ín ọ̀rá o. Ẹ bá mi fi ewé pọ́n tèmi."

Gbogbo rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀, ká ní n kò béèrè ohun tí wọ́n ti fi ń pọ́n ọn kí akàn tó dé.

"Fáírọ́ọ̀sì," ó ní.

Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa ní Emùré, àwọn eléètò ìlera lẹ àwòrán egungun ènìyàn kan mọ́ ògiri, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn éèdì, kò sì gbóògùn. Mo máa ń kà á láàárọ̀ kí n tó ṣí sítọ́ọ̀. Mo lè kà á lórí.

"Wọ́n ti yọ eyín rẹ̀ kí wọ́n tó lò ó, Bàbá."

"Ta ló yọ ọ́? Ta ló sì wo ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́ tán?"

"Kò sí fáírọ́ọ̀sì nínú tiwa rárá. Torí kí á má baà lò ó la ṣe ń wá akàn."

"Ara ta ni ẹ ó ti dán an wò?"

"Kì í ṣe ara ẹnikẹ́ni. Nínú ìgò ni."

"Lẹ́yìn ìgò ńkọ́?"

Ó kó àwo rẹ̀, ó dìde. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ó rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n èmi gbà pé ó ní nǹkan tí wọ́n ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ fún bàbá rẹ̀.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́. Mésẹ́ńjà kan ní ọ́fíìsì wa ti sọ fún mi rí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá tirẹ̀ lórí ọṣẹ dúdú, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan náà. Ọṣẹ! Ọṣẹ kò pa ẹnikẹ́ni rí. Mo fẹ́ kí wọ́n gba akàn lọ́wọ́ ọmọ mi, kí wọ́n fún un ní ọṣẹ. Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó wò mí títí.

"Òun nìkan ni ọ̀gá yẹn mú nínú gbogbo kíláàsì wọn," ó ní. "Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, yóò lo ọdún mìíràn sí i. Ṣé ẹ gbọ́? Ọdún kan gbáko, nítorí ìbẹ̀rù yín."

"Ọdún kan kì í ṣe ikú."

"Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún un."

N kò sọ fún un. Ó padà sí Adó lọ́jọ́ Àìkú, èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí kó èèpo akàn jọ, torí ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn má fẹ́ iṣẹ́ kan, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n rán an níṣẹ́ kí ó má jẹ́ ẹ.

Àsìkò òjò ni. Akàn pọ̀ létí odò Ògbèsè, àwọn obìnrin sì ń gbé e wá sí ọjà. A jẹ akàn títí ìyàwó mi fi ní láìpẹ́ òun á máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Ó sọ ọ́ nípàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni àwọn ará ìjọ bá bẹ̀rẹ̀ sí gbé tiwọn wá. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á kì mí mọ́lẹ̀, wọ́n á fi nǹkan tí wọ́n fi bébà wé lé mi lọ́wọ́: "Ẹ gbà, sà. A jẹ ẹ́ lánàá. Ó dùn o." Kátíkíìsì wa pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Wọ́n ní ẹ ń kó èèpo akàn jọ. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Iṣẹ́ ìwé ni, sà."

"Ìwé wo ni wọ́n ń fi akàn kà?"

Mo là á yé e láti orí jíìnì dé orí ọ̀rá. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Ẹ máa gbàdúrà."

Mo fọ èèpo wọ̀nyẹn mọ́, mo tún un fọ̀, mo sá a sórí páànù, mo sì jókòó tì í kí adìyẹ má baà débẹ̀. Èyí tó jẹ́ ẹ̀yìn, mo kó o lọ́tọ̀. Èyí tó jẹ́ ọwọ́, mo kó o lọ́tọ̀. Mo dà á sínú àpò, mo so ó ní ìso kan tí a máa ń so ní sítọ́ọ̀, tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè tú. Kí ọmọ tó padà lọ, ó ti ní kí á fi rán dírẹ́bà bọ́ọ̀sì Adó. Mo ní rárá, èmi ni n ó gbé e lọ.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe?" ni ìyàwó mi bi mí.

"Kí n lọ kí ọ̀gá rẹ̀."

"Mo mọ ìkíni yín. Ìkíni ọlọ́ṣẹ ni."

Ìyá mi ń gbọ́ wa. Ó sún mọ́ àpò náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ bí ó ti ń dún wàràwàrà.

"Ọ̀gá ọmọ lẹ fẹ́ gbé eléyìí fún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ẹ jẹ ẹran tán ní ulé, ẹ wá fẹ́ gbé èèpo lọ bá ẹni tó ń kọ́ ọmọ yín ní ùwé?"

"Òun ló béèrè, Ìyá. Èèpo ló ní òun ń fẹ́."

"Ọmọlúàbí kì í fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ẹran. Èèpo ló wà lẹ́nu rẹ̀, ẹran ló wà lọ́kàn rẹ̀."

Mo rò pé mo ti ṣàlàyé tó. Mo là á yé e láti orí jíìnì dé orí ọ̀rá, ó sì ń mi orí. Bí ìyá mi bá ti ń mi orí, kò gbà fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni. Ó yẹ kí n mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ, ó ní òun á ti gbé àpò náà ṣáájú dé páàkì, kí n fara balẹ̀ jẹun. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti ti àpò sábẹ́ àga ẹ̀yìn, ìyá mi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, ó ń gbàdúrà fún mi kíkankíkan. N kò wo àpò. Táyà ni mò ń wò. Mo tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi ìka wo bí ojú wọn ṣe jẹ tó, mo ní kí dírẹ́bà fi ti ẹ̀yìn ọwọ́ òsì hàn mí dáadáa.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ra mọ́tò yìí ni?" ni ọkùnrin kan pariwo láti inú ọkọ̀.

"Mo fẹ́ wọ̀ ọ́. Ìyẹn ju rírà lọ."

A gbéra. Mo jókòó síwájú, mò ń tún ọ̀rọ̀ ọṣẹ tò lọ́kàn mi, bí n ó ṣe sọ ọ́ tí kò ní dàbí ẹ̀sùn. A ti ń wo àwọn òkè àpáta Ìkéré lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí obìnrin kan figbe ta lẹ́yìn.

"Yéè! Kí ló wà lẹ́sẹ̀ mi?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, ẹ má bínú," ni ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wí.

"Ẹsẹ̀ tìẹ ló ń bù mí jẹ?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, òun náà sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga. "Akàn ni! Akàn wà nínú ọkọ̀ yìí!"

"Ta ló ni akàn?" ni dírẹ́bà bi wá.

Mo wá fi ìdánilójú yíjú padà, bí ọkùnrin tó mọ ohun tó wà nínú ẹrù rẹ̀, mo ní, "Mo gbé akàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi nìyẹn. Tèmi ti kú, a ti jẹ ẹ́, mo sì ti fọ ohun tó kù."

Níbi tí mo ti ń sọ ọ́, akàn ńlá kan gba abẹ́ àga jáde, ó gbé ọwọ́ sókè sí mi. Òmíràn tẹ̀lé e. Mo tẹ̀ wo abẹ́ àga ẹ̀yìn. Àpò mi kọ́ ni. Àpò iyọ̀ ìyá mi ni, wọ́n fi ìko so ẹnu rẹ̀, ìko náà sì ti tú.

Dírẹ́bà dá ọkọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí a ti wọ Ìkéré. Àwọn èrò tú jáde bí ẹni tí ilé ń jó. Dírẹ́bà kò bínú rárá, ohun tó sì dùn mí nìyẹn. Ẹ̀rín ló ń rín, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú kí ó má baà ṣubú.

"Ẹ gbà mí o! Bàbá tó yẹ táyà mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yẹ àpò ara rẹ̀ wò!"

Obìnrin tí wọ́n bù jẹ ló gbà wá. Ará Ìkéré ni, ó sì mọ̀ ọ́n mú: ẹ̀yìn ló ti ń di akàn mú, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé. Ó ń mú un ní ìkọ̀ọ̀kan, ó ń bú wọn, ó ń bú mi. Nígbà tí ó kó wọn tán, ó yọ àwọn tó sanra jù síbi kan, ó dì wọ́n sínú ìborùn rẹ̀.

"Ti uṣẹ́ mi nìyí," ó ní. "Ẹ sì bá mi kí ẹni tẹ́ ẹ ń gbé e lọ fún. Ó mọ ohun tó dáa."

Bí mo ṣe dé Adó nìyẹn, pẹ̀lú àpò tó ń mí.

Ọmọ mi pàdé mi níwájú yàrá ìwádìí wọn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wo àpò, àpò mira.

"Bàbá. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ìyá àgbà rẹ ní kí á kí ọ̀gá rẹ."

Ó fi ọwọ́ bo ojú. Ọ̀gá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Dókítà, jáde wá bá wa. Obìnrin ni, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ ọṣẹ lọ́kàn mi láti Ìṣẹ́. Mo ṣàlàyé ohun tí ìyá mi sọ nípa ẹran àti èèpo láìfi nǹkan kan pamọ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, sà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ọjọ́ tí a ti ń sọ̀rọ̀ akàn yìí ni mo ti fẹ́ jẹ ẹ́."

Wọ́n ní èèpo tútù dára fún iṣẹ́ wọn bíi gbígbẹ, kí n sì fi ti ilé ránṣẹ́ nígbà mìíràn. Wọ́n gbé akàn lọ fún ìyàwó ẹ̀ṣọ́, ẹni tó ń se oúnjẹ tà lẹ́nu géètì. Mo tẹ̀lé wọn. Mo ní kí wọ́n má ṣe fi ata tàbí iyọ̀ sí i, nítorí èèpo náà, kí ata má lọ bá jíìnì nínú ìgò. Dókítà ní wọ́n á fọ̀ ọ́, kò séwu. Mo ní ó dáa kí á má fi sí i. Gbogbo wọn jẹ akàn títẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí mi, ìyàwó ẹ̀ṣọ́ sì ń wò mí bí ẹni tó ba ọjà òun jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi wọ yàrá. Mo wo abẹ́ tábìlì.

"Kí lẹ ń wá, Bàbá?" ni ọmọ mi béèrè ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Abẹ́rẹ́."

"A ò ní abẹ́rẹ́, sà," ni Dókítà wí. "Ẹ béèrè ohunkóhun tó bá wù yín. Òun ni yóò dá yín lóhùn, kì í ṣe èmi."

Mo béèrè nípa ìbọ̀wọ́, ó fi hàn mí. Mo béèrè nípa fáírọ́ọ̀sì, ó fi kọ́bọ́ọ̀dù wọn hàn mí láti òkè délẹ̀, kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Mo wá béèrè, kí n lè rí ọ̀nà bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tí mo bá wá, pé nínú pólímà akàn àti ti ilé iṣẹ́, èwo ló dára jù.

"Ti ilé iṣẹ́ máa ń pọ́n ọn dáadáa," ó ní, "ṣùgbọ́n ó lè ṣe sẹ́ẹ̀lì léṣe. Ti akàn rọ ara lọ́rùn. Àléébù tirẹ̀ ni pé tó bá débẹ̀ tán, ìgbà mìíràn wà tí kì í tètè tú."

"Kí ló wá burú nínú kó má tú? Ààbò nìyẹn."

"Rárá o, Bàbá." Ó ti gbé ìgò kékeré kan, ó ń lẹ bébà mọ́ ọn lára kí ó tó da nǹkan sínú rẹ̀, kò sì gbójú sókè. "Bí kò bá tú, kò jẹ́ iṣẹ́ kankan. Jíìnì á kàn wà nínú ibẹ̀ bí ẹni tí kò dé rárá. Ojú ọ̀nà nìkan ni pólímà wà fún. Tó bá ti gbé e débẹ̀, kí ó fi sílẹ̀ ni."

Dókítà yíjú sí fèrèsé. Mo rí i pé ẹ̀rín ló ń gbé mì.

Ọmọ mi kò pa òwe. Bí ó bá pa òwe ni, ǹ bá dá a lóhùn. Mo mọ òwe jù ú lọ. Akàn ló ń sọ. Ó ń sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sítọ́ọ̀, láìwo ojú ẹnikẹ́ni, torí ohun tó rí ló ń sọ. Mo dúró síbẹ̀, mo wo bébà tó lẹ̀ mọ́ ìgò náà. Ó lẹ̀ ẹ́ gún. Èmi náà kò lè lẹ̀ ẹ́ gún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Bàbá," ni Dókítà wí, "ó dà bíi pé ẹ ní nǹkan tí ẹ fẹ́ bá mi sọ kí ẹ tó máa lọ?"

Ọmọ mi gbé ojú sókè nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ti kọ̀wé sí i, mo rí i lójú rẹ̀. Ó mọ̀ nípa ọṣẹ. Kò bẹ̀ mí, kò sì fajú ro. Ó di ìgò náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń dúró.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ti wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Kò rọrùn, mo ti tò ó láti Ìṣẹ́.

"Mo fẹ́ béèrè," ni mo wí, "bóyá ó lè dúró síbí nínú ìsinmi, kí iṣẹ́ yìí lè tètè parí."

"Ohun tí a fẹ́ gan-an nìyẹn," ni Dókítà wí. "Ó ní òun ò lè bi yín ni."

Ọmọ mi sìn mí dé páàkì. Bọ́ọ̀sì Ìṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, mo sì wọ̀ ọ́ láìwo ohunkóhun, torí ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Mo yọ orí lójú fèrèsé.

"Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó yọjú wá wò ọ́."

"Ẹ má yọjú, Bàbá," ó ní. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí èmi máa wá."

Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí ó máa yẹ táyà wò kí ó tó wọ ọkọ̀, bọ́ọ̀sì sì gbéra.